Ẹ̀rọ ìránṣọ wo ló yẹ kí ẹ rà sílé? Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ àti orúkọ tàn yín jẹ

Owó iṣẹ́ tí àwọn télọ̀ ń gbà lórí aṣọ lóde òní ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó tó àkókò kí àwọn náà ní ẹ̀rọ ìránṣọ tiwọn nílé. A kò lè bá wọn wí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là lọ́dún kan náà, kò sí ohun tí télọ̀ ń lò tí kò gbówó lórí, bẹ̀rẹ̀ láti orí epo tó ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ títí dé orí òwú, bọ́tìnnì àti síìpù. Orí oníbàárà ni gbogbo rẹ̀ sì ń já lé. Ìyá tó bá ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé mọ ohun tí à ń sọ: yúnífọ́ọ̀mù tó ya lábíyá, ṣòkòtò tó ti kúrú tó yẹ kí wọ́n tú etí rẹ̀ sílẹ̀, síìpù tó bàjẹ́, kọ́tìnnì tó fẹ́ gé sí méjì. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fún ẹni tó ní maṣíìnì, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Àmọ́ ọ̀wọ́n gógó yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ó dára kí èèyàn ṣi maṣíìnì rà. Nígbà tí nǹkan ṣì rọrùn, ẹni tó bá ra èyí tí kò dára lè tún òmíràn rà. Lásìkò yìí, maṣíìnì tí wọ́n fi owó àjọ oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá rà, tó bá dákẹ́ iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí, tí wọn yóò sì máa gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé e lórí ní pálọ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ télọ̀, tí wọ́n fẹ́ ra maṣíìnì fún un kó lè máa gba iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé kó tó rówó gba ṣọ́ọ̀bù, ló tún yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ohun tí wọ́n bá rà ni ọmọ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Orúkọ èwo ló dára jù?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, bí maṣíìnì yìí bá bàjẹ́ ní ìlú tí mò ń gbé, ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni yóò sì ti rí ohun èlò tí yóò fi tún un ṣe? Ẹni tó ń gbé nítòsí ọjà ńlá ní Ìbàdàn lè ra maṣíìnì tí ẹni tó ń gbé lábúlé kan lẹ́yìn Òkèihò kò gbọdọ̀ rà. Kì í ṣe pé maṣíìnì náà kò dára. Ẹni tó wà lábúlé yóò wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì lè jẹ́ pé owó ọkọ̀ náà yóò ju owó iṣẹ́ lọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí maṣíìnì dúdú tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tí wọ́n sì fi òdòdó wúrà kun ara rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ náwó. Elias Howe, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi òwú méjì ránṣọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lọ́dún 1846. Lọ́dún 1851, Isaac Singer gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló sì gbé maṣíìnì dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé, títí kan ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Nínú oríṣiríṣi tí Singer ṣe, ọ̀kan wà tí wọ́n fi nọ́ńbà 15 dá mọ̀. Òun ni àwọn ará Japan wò ṣe lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí àwọn ará Ṣáínà náà sì ń wò ṣe di bí a ṣe ń wí yìí. Nítorí náà, Butterfly tó ń ti Shanghai wá, Two Lion, àti àìmọye dúdú mìíràn tó kún ọjà wa, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ lè yọ bọ́bìnnì inú ọ̀kan kí ẹ fi sínú èkejì, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò, ilé bọ́bìnnì wọn sì sábà máa ń bára mu.

Àǹfààní tó wà nínú èyí kò kéré rárá. Ó túmọ̀ sí pé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara maṣíìnì dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì tó bí a ṣe rò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe dà á, bí inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n ti tò ó. Ọ̀pọ̀ ọjà ìlú tó bá ti ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìránṣọ ni ẹ ti máa rí abẹ́rẹ́ rẹ̀, bọ́bìnnì rẹ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀ rà. Agbára ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ ló sì ń lò, kò dúró de iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ ń rán. Ní tiwa o, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé èwo ni kí òun rà sí abúlé tàbí ìlú tí iná kì í ti í dúró, dúdú ni a máa sọ, a kò sì ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a má tan ara wa, dúdú náà ní àléébù tirẹ̀. Ìrán gbọọrọ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò lè rán síígísáàgì, kò lè wíìfù etí aṣọ, ihò bọ́tìnnì sì di ọwọ́ yín, àfi bí ẹ bá ra irin kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó wúwo, orí rẹ̀ nìkan lè ju kílò mẹ́wàá lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ìyá àgbà lè máa gbé láti yàrá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àti pé ti inú páálí kì í sábà rán dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Ó máa ń fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fún síkúrù rẹ̀, kó rọ òróró sí i, kó sì tún ibi tí wọ́n ti ń fún òwú ṣe. Ẹ wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá òun yóò tò ó, tàbí ẹ̀yin ni yóò tún san owó yẹn síta.

Ẹ tún béèrè ohun tí owó tó dá lé e kó mọ́ra. Orí nìkan ni ẹlòmíràn ń sọ iye rẹ̀ fún yín, ẹ ó sì ti yọ̀ pé ọ̀pọ́ lẹ rí, kó tó di pé ó máa sọ pé tábìlì yàtọ̀, irin ẹsẹ̀ yàtọ̀, bẹ́líìtì yàtọ̀.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń wà á, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹlẹ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì ráyè di aṣọ mú. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, tàbí tí ẹ̀yìn bá ń yọ lẹ́nu, kò ní í fẹ́ràn rẹ̀ fún wákàtí méjì. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kò gba orúnkún, ó sì ṣeé gbé lé orí tábìlì èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan péré ló kù láti darí aṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yá. Fún ìyá tó kàn fẹ́ máa tún aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ ṣe, a rò pé òun ló dára jù, torí pé ohun tí kò yá kì í tètè rán èèyàn níka. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n so mótò kékeré oníná mọ́ ẹ̀yìn dúdú yẹn kan náà. Bí iná bá wà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ ó dá bẹ́líìtì ẹsẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti lò ó báyìí máa ń sọ pé òun kò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ra oníná pátápátá.

Àwọn oníná náà nìyẹn, àwọn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dára lójú. Singer, Brother àti Janome wà lára àwọn orúkọ tí èèyàn lè fọkàn tán nínú wọn. Wọ́n ń rán síígísáàgì, wọ́n ń ṣe ihò bọ́tìnnì, apá wọn ṣeé yọ kí ọwọ́ aṣọ lè wọlé, wọn kò sì wúwo. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná ti dúró díẹ̀, tó ń rán aṣọ tó nà, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì àti aṣọ eré ìdárayá, òun gan-an ló nílò wọn, nítorí ìrán gbọọrọ máa ń já lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá nà án. Wọn kì í jẹ iná púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bí 70 sí 100 wáàtì lọ, èyí tí sólà kékeré pẹ̀lú ínfátà lè gbé láìlágùn. Áyọ́ọ̀nù ni sólà kékeré kò lè gbé, torí pé tirẹ̀ máa ń ju 1,000 wáàtì lọ. Ẹ má ju áyọ́ọ̀nù eléèédú yín nù.

Ibi tí wàhálà wà lára àwọn funfun yìí ni tòkúnbọ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240 fóòtì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Maṣíìnì tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá kì í bọ iná ìlú wa lásán, èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó máa gbóòórùn mótò tó jóná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà, ẹ wo bébà kékeré tó wà nídìí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Bí ẹ bá rí 110, 115 tàbí 120 níbẹ̀, ẹ gbọdọ̀ ra tiransifọ́mà mọ́ ọn, ẹ sì ro owó ìyẹn pọ̀ mọ́ owó maṣíìnì. Bí ojú àgbà kò bá lè ka ọ̀rọ̀ wínníwínní ibẹ̀, ẹ mú ọmọdé kan dání.

Èkejì ni pé inú ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú nínú wọn, ike ni eyín tó ń yí ara wọn. Ó ń rán àńkárá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi tipátipá rán aṣọ òkè Ìsẹ́yìn ìpele mẹ́rin tàbí etí jíǹsì, ike yẹn á fọ́, ó sì ṣòro láti rí irú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún oríṣi ọnà lára aṣọ. Wọ́n dára fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Bí pátákó kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá kú, kò sí mẹkáníìkì abúlé tó lè jí i. Ìyàwó ilé tó ń lo oríṣi ìrán mẹ́ta péré, kí ló fẹ́ fi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù ṣe?

Kí a tó kúrò lórí orúkọ, ó yẹ kí àwọn bàbá àti ìyá wa mọ̀ pé Singer tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe wọn kọ́ ni Singer tó wà ní ọjà lónìí. Ilé iṣẹ́ ńlá Singer ní Clydebank, nílẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn onírin alágbára ìgbà náà, ni wọ́n tì pa lọ́dún 1980. Orúkọ náà ti kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi olówó láti ìgbà náà, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè báyìí. Kì í ṣe pé wọn kò dára o. Ṣùgbọ́n ẹ má sanwó nítorí pé ti màmá yín lo ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Àwọn kan tún wà tí kò tóbi ju ìwé ìpàdé ìjọ lọ, tí wọ́n ń fi bátìrì lò, tàbí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ bí ẹni ń tẹ sítépúlà. Owó wọn kéré, wọ́n sì ń polówó wọn gan-an. Òwú kan ṣoṣo ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ń lò, bí ìdí rẹ̀ bá tú, ẹ fà á, gbogbo rẹ̀ á yọ tán bí okùn àpò ìrẹsì. Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ní ti àwọn maṣíìnì ilé iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n gbé sórí tábìlì gbọọrọ pẹ̀lú mótò ńlá lábẹ́, iṣẹ́ wọn dára, wọ́n sì yára bí ọta, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rán aṣọ láràárọ̀ dalẹ́ fún owó ló ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ti inú ilé, àìlera sì ni ìyára wọn jẹ́ fún ẹni tí kò tíì mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ọjà. Bóyá tuntun ni o, bóyá àlòkù ni, ẹ má lọ ní ọwọ́ òfìfo. Ẹ mú ègé àńkárá kan, ègé léèsì tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ kan, àti ègé aṣọ tó nípọn dání láti ilé. Ẹ mú òwú àwọ̀ méjì, pupa àti funfun. Àwọn tó ń ta maṣíìnì máa ń ní ègé aṣọ tiwọn tí wọ́n fi ń dán an wò, àti òwú funfun lókè, funfun nísàlẹ̀. Lójú irú òwú bẹ́ẹ̀, gbogbo maṣíìnì ló ń ránṣọ.

Kí wọ́n tó fi òwú sí i rárá, ẹ ní kí wọ́n yọ bẹ́líìtì, kí ẹ sì fi ìka yí wíìlì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara yín. Ó yẹ kó máa lọ wẹ́rẹ́. Bí ó bá ń há níbì kan, tó sì jẹ́ ibì kan náà ló ń há ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, irin kan ti tẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè jẹ́ òróró àtijọ́ ló dì, ìyẹn kò le. Ẹ di irin tó gbé abẹ́rẹ́ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ lára. Ẹ fi ìka kan eyín tó ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó yẹ kó mú lọ́wọ́, kò yẹ kó ti jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlòkù ni wọ́n máa ń kùn ní ọ̀dà dúdú tuntun, tí wọ́n á lẹ òdòdó wúrà mọ́ ọn, táá máa dán yinrin. Wọn kì í ráyè kun ìdí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìpatà, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí ojú ibi tí irin ti sán tí wọ́n jó pọ̀.

Ó tó àkókò òwú. Ẹ fi pupa sókè, ẹ ká funfun sínú bọ́bìnnì, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun tó ń ká bọ́bìnnì náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jókòó rán an, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Ẹ rán ìlà gbọọrọ kan lórí àńkárá ìpele méjì, kó gùn tó yáàdì kan, kí ẹ sì rọra wà á. Ní òkè aṣọ, pupa nìkan ló yẹ kí ẹ rí. Ní ìsàlẹ̀, funfun nìkan. Bí pupa bá ń yọjú nísàlẹ̀, òwú òkè ti dẹ̀ jù, tàbí kò gba ibi tó yẹ kó gbà. Bí funfun bá ń yọjú lókè, òwú òkè ti le jù. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn fún maṣíìnì, ẹ kàn yí síkúrù ibi tí wọ́n ti ń fún òwú, kí ẹ sì tún un rán. Ẹ̀sùn wà bí ẹ bá yí i títí tí kò sí ìyàtọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń fo ojú ìrán. Ẹ wò ó bóyá ó ń rìn tààrà tàbí ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ rán an padà sẹ́yìn. Ẹ gbé aṣọ fẹ́lẹ́ sí i, kó má fa á wọnú ihò. Ẹ gbé èyí tó nípọn sí i, ìpele mẹ́rin, kó má dúró. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kanjú mọ́ yín, tó ń sọ pé àwọn oníbàárà mìíràn wà lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ó ta á fún wọn.

Kí ẹ sì tó jáde kúrò ní ọjà yẹn, ẹ mú bọ́bìnnì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ bọ́ sí ìsọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìránṣọ, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Bí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mi orí, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ohun kan wà tó ń dùn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé maṣíìnì tó dára jù tí wọ́n lè ní wà lábẹ́ ibùsùn tàbí nínú àjà wọn. Singer ìyá àgbà ni, tí eruku ti bò, tí wọ́n á sì gbé fún àwọn oníkọ́ńdẹ́mù tó ń ti ọmọlanke kiri, kílò kan iye báyìí. Irin tí wọ́n fi ṣe àwọn maṣíìnì ayé ìgbà náà nípọn, wọ́n sì rẹ́ ẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ààrùn kankan ju pé òróró inú wọn ti gbẹ di gọ́ọ̀mù. Ẹ rọ karosíìnì díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ihò òróró rẹ̀ àti ibi tí irin ti ń kan irin, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì níbi tí kò sí iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òróró maṣíìnì gan-an sí i. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà o, ẹ má fi epo pupa, torí pé àwọn nìyẹn ló ń dì bíi gọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó nípọn jù. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, kó fi abẹ́rẹ́ tuntun àti bẹ́líìtì tuntun sí i. Owó tí ẹ ó ná sórí rẹ̀ kò ní í súnmọ́ ti tuntun.

Ọ̀rọ̀ Singer àtijọ́ tún ní apá kan tó yẹ kí a kìlọ̀ lé lórí. Lóṣù kẹrin ọdún 2009, àhesọ kan jáde ní Saudi Arabia pé mẹ́kúrì pupa tó níye lórí wà nínú àwọn maṣíìnì Singer àtijọ́. Àwọn èèyàn dá ọjà maṣíìnì rú, wọ́n ń ra àlòkù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún riyal, ìròyìn sì sọ nígbà náà pé àwọn kan ń pè é ní owó tó tó 200,000 riyal. Irọ́ pátápátá ni, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì wádìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn jìbìtì. Kò sí mẹ́kúrì kankan nínú maṣíìnì ìránṣọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín nílé pé òun yóò ra Singer màmá yín ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò díẹ̀, ẹ fi ọ̀nà hàn án.

Ẹni tó bá ti ra maṣíìnì tó dára gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ tó dára sí i, torí ìdajì ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn ń fi kan maṣíìnì, abẹ́rẹ́ ló ni ín. Nọ́ńbà wà lára páálí abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà 11 wà fún léèsì fẹ́lẹ́ àti ṣífọ́ọ̀nù, 14 fún àńkárá àti àdìrẹ, 16 fún aṣọ òkè, 18 fún jíǹsì. Ẹ wo ìdí abẹ́rẹ́ náà: ti maṣíìnì ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n rẹ́ pẹrẹsẹ, ti ilé iṣẹ́ ńlá rí roboto yípo. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta roboto fún yín, kò ní í jókòó dáadáa. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń dún "tọ́, tọ́" bó ṣe ń wọnú aṣọ, ẹnu rẹ̀ ti ku, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òwú tó bá sì ń já bí ẹ bá fi ọwọ́ méjì fà á díẹ̀, yóò já nínú maṣíìnì náà, bó ti wù kí maṣíìnì ọ̀hún wọ́n tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Lọ́dún 1856 ni ilé iṣẹ́ Singer ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ìdílé ní Amẹ́ríkà máa san owó maṣíìnì díẹ̀díẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó lè kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwa ní àjọ àti èésú, a sì ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ra ọjà fún ọmọ ẹgbẹ́. Bí èèyàn márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ maṣíìnì, ẹ lọ rà á pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, owó máa wálẹ̀ díẹ̀, ẹ sì lè mú mẹkáníìkì kan dání tí yóò dán márààrún wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba rísíìtì tó ní orúkọ ìsọ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù àti nọ́ńbà tó wà lára maṣíìnì náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i bóyá wọ́n máa gbà á padà bí ó bá kọ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá sọ pé òun kì í kọ irú rẹ̀, ìsọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ojú fèrèsé ni kí ẹ gbé e sí, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti apá òsì yín, kí ẹ yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò bí ẹ bá parí iṣẹ́, kí àwọn ọmọ má bàa máa wà á ṣeré nígbà tí ẹ bá lọ sóko.